Owó Àfikún fún Olùtọ́jú Ọmọ àti Òṣìṣẹ́ Inú Ilé ní New York

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọdún 2010 ni òfin ìpínlẹ̀ New York ti kàn wá. Ẹni tó ń tilé wá síbi iṣẹ́, tó bá ṣe ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀ owó rẹ̀ ni kí wọ́n san lórí èyí tó lé. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, wákàtí 44 ni tiẹ̀. Kódà bí ẹ ò ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀tọ́ yín ni!

Ẹ máa kọ àkókò iṣẹ́ yín sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá jí láago méjì òru, tí ẹ dìde po mílíìkì fún un, iṣẹ́ ni, ẹ kọ ọ́.

Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá jẹ lówó, kó rí akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé.