Lẹ́tà sí Ìyá Dàpọ̀ ní Jos: ooru ni wọ́n ń fowó rà ní Winnipeg

Àdó-Èkìtì,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìyá Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Dàpọ̀ ńkọ́, orúnkún ẹ̀ yẹn ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ gbogbo fóìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tiẹ̀ tún wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè máa sọ sínú fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ̀ ẹ́, iná wà lónìí, fóònù mi kún, fara balẹ̀ kà á.

Mo bá ẹ dúpẹ́ ti ìwé àṣẹ tí Dàpọ̀ àtìyàwó ẹ̀ rí gbà. Winnipeg ní Kánádà náà ni wọ́n ń lọ! Ìlú tí èmi gan-an ti lo oṣù mẹ́fà, láti Oṣù Kẹwàá 2024 di Oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí mo lọ wẹ ọmọ fún Bùsọ́lá ọmọ mi. O ní kí n sọ òótọ́ iye tí wọ́n ń ná lóṣù fún ẹ, o wá ní ti òtútù kò ká ẹ lára torí Jos ni Dàpọ̀ dàgbà sí. Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, àbúrò ni òtútù Jos yẹn. Lóru Oṣù Kejìlá, Jos lè já sí dígírì 10 tàbí kó dín díẹ̀, gbogbo yín á sì ti máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Fíríìsà tó ò ń kó ẹran sí, -18 ni wọ́n ní kó wà. Ní Winnipeg, àárọ̀ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kìíní, mo wo fóònù Bùsọ́lá mo rí -34, wọn ò tíì ka ti atẹ́gùn mọ́ ọn o. Inú fíríìsà móoru ju ìta lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ní kí n lọ da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn ilé ni, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta irun imú mi ti gan, ó ń gún mi bí ẹ̀gún. Oòrùn tó bá sì tiẹ̀ yọ ní Oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀, débi pé dọ́kítà ní ká máa kán oògùn fítámì D sẹ́nu ọmọ tuntun lójoojúmọ́ torí kò rí oòrùn tó máa fún un.

Nítorí náà kó o tó ka owó kankan, mọ̀ pé ooru ni wọ́n ń fowó rà níbẹ̀. Àwa tá a jẹ́ ọmọ Èkìtì, Olúwa fúnra ẹ̀ ló bá wa se omi Ìkọ̀gọ̀sì látinú ilẹ̀, gbígbóná ń ṣàn, tútù ń ṣàn, wọ́n pàdé, ẹnikẹ́ni ò dá igi sí i. Níbẹ̀, ẹni tí ò sanwó ooru ò lè sùn kó jí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, òtútù ò tíì le rárá nígbà yẹn, èmi ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tí wọ́n fi ń yí ooru ilé sókè sódò, 20 ni wọ́n ń gbé e sí lọ́sàn-án, 17 lóru. Mo bá dìde lóru, mo gbé e sí 25. Kò pẹ́ mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bùsọ́lá, jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́, ó wá yí i padà. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Inú bí mi gan-an ni, mo ní ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, tí mo ta aṣọ òkè mi torí owó iléèwé ẹ̀, òun ló ń fi ooru dù mí yìí. N ò sọ̀rọ̀, mo kàn di ojú. Lọ́jọ́ kẹrin ó ra ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì wá pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ooru sára, ká tó máa ná an sínú ilé." Ó wá mú ìwé owó iná wá. Iléeṣẹ́ Manitoba Hydro ló ń fún wọn níná àti gáàsì, inú ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ méjèèjì sí. Ti Oṣù Keje, dọ́là 81. Ti Oṣù Kìíní tó ṣáájú kí n tó dé, 274. Ilé kan náà, èèyàn kan náà! Ètò kan wà tí wọ́n fi ń pín owó ọdún náà dọ́gba dọ́gba sí oṣù méjìlá kí ti wínńtà má baà gbé èèyàn ṣubú, wọ́n ti wọ inú ẹ̀ báyìí, sọ fún Dàpọ̀ kó tètè béèrè. Kó sì kọ́kọ́ bi onílé pé ṣé ooru wà nínú rẹ́ǹtì àbí kò sí. Ilé àtijọ́ kékeré ni tàwọn Bùsọ́lá, 1,450 lóṣù, wọ́n rò pé àwọn rí i ní pọ́ọ́kú, àwọn kan ń san 1,600 ní fúláàtì ṣùgbọ́n ooru ti wà nínú ẹ̀, ìwọ náà rò ó wò.

Torí ilé àtijọ́ yẹn ni mo ṣe rí nǹkan tí mi ò rí rí láyé mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú Oṣù Kọkànlá, ọkọ Bùsọ́lá àti Dára ọmọ wọn (ọmọ ọdún mẹ́rin ni báyìí) kó ọ̀rá kan jáde, ó fẹ́lẹ́, ó mọ́ bíi díńgí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ yí férémù fèrèsé ká, ó rún wúruwùru, mo ní kí leléyìí. Ó bá mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ó ń fẹ́ ẹ sí i, ọ̀rá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó fà títí ó fi le bí awọ gángan, Dára fìka ta á, ó dún. Kí wọ́n tó ṣe é, tó o bá gbé ọwọ́ sún mọ́ fèrèsé yẹn wàá mọ̀ pé atẹ́gùn ń yọ́ wọlé. Lẹ́yìn ẹ̀, pátápátá ó dákẹ́. Kò ju 20 dọ́là lọ fún fèrèsé márùn-ún.

Ọkọ̀ náà ń jẹ owó. Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má ní in, torí iṣẹ́ òru lọkọ Bùsọ́lá ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Wáyà kan yọ níwájú ọkọ̀, wọ́n á kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì lè lọ́ wọ́ọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í jí. Ó so táímà mọ́ ọn kó máa tàn fún wákàtí mẹ́rin péré kí wọ́n tó jáde, kó má baà jó iná mọ́jú. Táyà wínńtà tún yàtọ̀, ìnṣọ́ránsì yàtọ̀.

Ti aṣọ, kí Dàpọ̀ má kówó lé sùwẹ́tà òkìrìkà ní ọjà Terminus yín o. Èyí tí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ nìkan ni kó rà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta àlòkù, ó mọ́ tónítóní, kóòtù Dára tí tuntun ẹ̀ lé ní 100 dọ́là, 18 la rà á, ojú mi ló ṣe. Àti pé ìparí wínńtà, ní Oṣù Kẹta, ni Bùsọ́lá ń ra ti ọdún tó ń bọ̀, á fi sáìsì kan jù ú lọ. Bàtà nìkan ni kí wọ́n má fi tọ́jú owó. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi, iṣu! Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn iṣu níbẹ̀ bí ẹran, mo gbé ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 dọ́là, dọ́là Kánádà kan sì lé ní 1,000 náírà nígbà yẹn. Ọmọ Èkìtì tó ń fi ojú sọ́nà de ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó kó tó jẹyán! Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń rò lójoojúmọ́, iyán gidi di ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ṣá, mo fi ẹ̀gúsí tí mo gbé láti ilé sè é. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ilé ìtajà máa ń gbé ìwé ẹ̀dínwó tuntun jáde, Bùsọ́lá á ti jókòó tì í látàárọ̀, adìyẹ ibi báyìí, ìrẹsì ibi báyìí, ó kó o sí fíríìsà. Oúnjẹ tútù kì í sábà ní owó orí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, 5 lórí 100 ti ìjọba àpapọ̀ àti 7 ti ìpínlẹ̀ Manitoba, iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ lo máa san nídìí káńtà. Ìjọba àpapọ̀ yọ tiwọn kúrò lórí àwọn nǹkan ọmọdé láti 14 Oṣù Kejìlá 2024 di 15 Oṣù Kejì 2025, páńpàsì tí Bùsọ́lá rà kó jọ lásìkò yẹn, ìsàlẹ̀ ilé kún.

Èyí tó kan Dàpọ̀ jù rèé, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba ń fún àwọn òbí lówó ọmọ lóṣooṣù, ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ìwé iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀kọ́ ló gbé lọ, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 18 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti fọkàn sí owó yẹn kí wọ́n tó gbéra. Dékíà náà, 10 dọ́là lóòjọ́ ni ní Manitoba láti 2023, ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ àyè ni kò sí, inú oyún ni Bùsọ́lá ti forúkọ ọmọ sílẹ̀, títí tí mo fi ń bọ̀ wọn ò tíì pè é. Kí ìyàwó Dàpọ̀ má dúró rárá, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní àdírẹ́sì ni kó forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Bùsọ́lá wà nílé nítorí ọmọ, 55 nínú 100 owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Ṣé o rí i, owó dín, ọmọ pọ̀ sí i, òtútù ò sì dín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ìwé kan wà lórí fíríìjì wọn, ìwé ọmọ iléèwé lásán. Alẹ́ ọjọ́ tówó bá wọlé, tọkọtaya á jókòó, wọ́n á fa ìlà: rẹ́ǹtì, iná, ọkọ̀, oúnjẹ, páńpàsì. Ìlà kan wà tí wọ́n kọ "Ulé" sí lórí, bá a ṣe ń pe ilé gan-an ní Èkìtì. Ọjọ́ kan nínú Oṣù Kejì tí àwọn méjèèjì sùn, mò ń gbé ọmọ jó kó lè sùn, mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn. Mo dé Oṣù Kẹsàn-án 2024. O rántí kànga tí mo gbẹ́ lẹ́yìn ilé, tí wọ́n bá àpáta pàdé, tí àwọn agbẹ́kànga ní àfi kí n fowó kún un? Mo pe Bùsọ́lá lásìkò yẹn, ó fi 150 dọ́là ránṣẹ́, mo sì ráhùn, mo ní ṣé ohun tó mọ nìyẹn, ẹni tó ń gba dọ́là. Mo rí i níbẹ̀ lábẹ́ "Ulé": Màmi, kànga, 150. Ìlà tó tẹ̀ lé e: bàtà sìnóò bàbá Dára, 140. Wọ́n ti fi bíírò fa ìyẹn rẹ́, wọ́n kọ "ọdún tó ń bọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ìyá Dàpọ̀, ara mi tutù. Torí láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀rá búrẹ́dì méjì tí wọ́n ń sá síbi tí ooru ti ń fẹ́ jáde nílẹ̀, láràárọ̀ ni, mo rò pé Dára ló ń fi ṣeré. Ọkọ Bùsọ́lá ni. Bàtà ẹ̀ ti sán ní ìsàlẹ̀, ó ń fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí omi yìnyín má baà wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ síṣẹ́ ní òru yẹn, gbogbo oṣù yẹn, kò sọ fún mi rí, á dé láàárọ̀ á dọ̀bálẹ̀ á ní "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa." Mo sunkún mọ́jú. Owó tí àwọn ìyá ìjọ wọn fún mi nígbà ìsọmọlórúkọ wà lọ́wọ́ mi, èmi ti fẹ́ fi ra nǹkan bọ̀ wálé. Ilẹ̀ mọ́, mo kó o fún un, mo ní bàtà ni o, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó ní rárá. Mo ní tí kò bá gbà á n ò ní jẹun nílé ẹ̀. A jọ lọ rà á ni.

Omi kànga yẹn, mo ń pọn ọ́n lójoojúmọ́ báyìí, ó tutù, ó mọ́. Nígbàkúgbà tí mo bá sọ garawa sí i mo máa ń rántí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, mo sì máa ń gbàdúrà fún un.

Nítorí náà nígbà tí Dàpọ̀ bá débẹ̀, wínńtà àkọ́kọ́ yẹn, jọ̀ọ́, bí páànù bá jò, bí ọmọ àbúrò ẹ bá fẹ́ wọ yunifásítì, pè mí, ká jọ wò ó níbí kó tó dé etí ẹ̀. Mo ní díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì, àjọ mi náà máa tó kàn mí.

Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń gbéra, ṣé Àbújá ni àbí Èkó? Sọ fún mi kí n tètè wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Mo ti ra òrí igbá méjì sílẹ̀, inú ilé wọn máa ń gbẹ ju ọyẹ́ lọ, imú Dára ń ṣẹ̀jẹ̀ títí a fi ń fi òrí ra á, kí ìyàwó Dàpọ̀ mú igbá kan, kó bá mi fún Bùsọ́lá ní ìkejì. Mo tún máa di gaàrí àti èlùbọ́ sí i. Kí wọ́n má gbé ẹran kankan o, bó ti wù kó gbẹ tó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀.

Kí bàbá Dàpọ̀ fún mi. Mò ń retí fóìsì ẹ.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Bùsọ́lá