Ojúsàájú níbi iṣẹ́: ọ̀gá ni kí ẹ bi

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ń fi ojúsàájú rẹ́ jẹ panu mọ́, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi panu mọ́ fún odidi ọdún mẹ́ta. Ohun tó bí ni pé ọ̀gá wa gbà pé ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọbìnrin kan wà ní ẹ̀ka wa tó jẹ́ ààyò ọ̀gá. Bó bá pẹ́ dé ìpàdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ká sún àga fún un. Bí ẹlòmíì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, ìwé “wá wí tẹnu rẹ” á ti dé orí tábìlì rẹ̀ kó tó jókòó. Lọ́jọ́ kan, ìjábọ̀ tí mo fi òru kọ ni wọ́n gbé sókè lójú gbogbo wa, ọmọ yìí ni wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Òun ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀.

Bí gbogbo wa ṣe dójú lé e nìyẹn. A ò bá a jẹun mọ́, ìkíni wa ò dénú mọ́. Àfi lọ́jọ́ tó wá bá mi, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò yìí, ojú sì ń tì mí láti bi ọ̀gá.” Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹjọ́ ọ̀gá ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan á ní ká gba ilé ẹjọ́ lọ. Àdéhùn 111 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1958 lòdì sí kí wọ́n gbé ẹnì kan lékè ẹlòmíì níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni náà kàn dùn létí ọ̀gá ńkọ́? Ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá ni mo lọ bá. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fi ń wọn ẹni tí ìgbéga tọ́ sí?” Wọ́n ní àwọn á rò ó. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí wọn lórí í-meèlì, mo kọ ọjọ́ tí a jọ sọ ọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé kan ti wà lára ògiri: ohun mẹ́rin tí wọ́n á máa fi wọn gbogbo wa. Ìgbéga ò tíì kàn mí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá ọ̀gá níwájú ìwé náà, tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń kà á.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín