Wọ́n ní Èkìtì kò lókun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìbínú ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn òjò, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní Ìgèdè-Èkìtì, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde nínú gọ́tà, wọ́n sì ń dà á sódò. Sódò! Mo bi ọ̀gá wọn, ó ní, "Màmá, omi á gbé e lọ." Mo ní, "Lọ síbo?" Ó ní Èkìtì kò kúkú lókun.

Ìgèdè yìí kan náà ni Odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ohun tí a bá dà sí i níbí, á gba Òṣogbo kọjá, á já sínú ọ̀sà lápá Lẹ́kí, ó di òkun. Ọ̀rá kì í jẹrà. Oòrùn àti ìgbì ló ń gé e wẹ́wẹ́ títí á fi kéré ju mìlímítà 5 lọ.

Èérún ike yìí ń da ìṣe ẹranko etí òkun rú. Akàn kan wà tó jẹ́ pé ìkarahun ìgbín tó ti kú ló fi ń ṣe ilé; bó bá ṣe ń dàgbà, á wá èyí tó gbà á. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queen's ní Belfast kó irú akàn bẹ́ẹ̀ sínú omi tó ní èérún ike fún ọjọ́ 5, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020. Nígbà tí wọ́n gbé ìkarahun tó dára jù fún wọn, àwọn tó fọwọ́ kàn án tàbí tó kó wọ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn tí kò bá ike gbé. Akàn tí kò sí nílé tó gbà á, ẹyẹ ló ni ín. Ìgbín etí òkun pàápàá, omi tí oró ike ti wọ̀ kì í jẹ́ kó sá fún akàn tó fẹ́ jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń kó sódò, pẹ̀lú owó orí wa!

Ẹ jẹ́ kí àwọn oní-píọ̀ wọ́tà máa gba ọ̀rá wọn padà. Ṣé ẹ rántí mínírà onígò? Ẹni tí kò bá mú ìgò wá á fi owó dúró ni. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò omi kan. Ẹni tó bá kó òfìfo 20 wá, kí wọ́n yọ owó fún un lórí àpò tuntun. Ọkọ̀ tó gbé omi wá á kó òfìfo náà padà, ṣebí lásán ló ń padà lọ tẹ́lẹ̀. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, àwọn ọmọdé á ti ṣa gbogbo títì mọ́.

Kí wọ́n sì fòfin de ike funfun onífóòmù tí a ń bu oúnjẹ sí, bí Èkó ti ṣe ní 2024.

Òjò tún ti ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí. Òkìtì ọ̀rá tí wọn kò tíì dà tán ṣì wà létí odò.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìgèdè-Èkìtì.