Ẹ̀sùn Lórí Hẹlikọ́pítà Onírìmóòtù Tí Ẹ Tà Fún Mi

Tánkẹ́, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́ Yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ọmọ yín tó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp ní ẹjọ́ mi ti parí, pé hẹlikọ́pítà tó bá já lulẹ̀ kò sí lábẹ́ gàráńtì. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tó wà lára páálí ni pé wọ́n ti tò ó tán, wọ́n ti dán an wò, kéèyàn kàn ki bátìrì bọ̀ ọ́ kó fò. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe san ₦320,000. Èyí téèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Pé abẹ̀bẹ̀ òkè méjèèjì kò rìn lójú ọ̀nà kan náà, ìyẹn kò bí mi nínú. Mo fi okùn di ẹ̀rọ náà mọ́ pákó, mo lẹ téèpù pupa mọ́ ṣóńṣó ọ̀kan, mo rí èyí tó ń fò ga, mo yí irin tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì bára mu. Irú ìyẹn lè yẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá láti Èkó. Ti gyro, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ìrù dúró sójú kan, ni mi ò lè gbójú fò.

Òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni mo gbé e lọ sí pápá iléèwé kan nítòsí ilé, kí atẹ́gùn tó dé. Mo ti so ọ̀pá oníbọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń lò. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ báyìí ni ìrù rẹ̀ ń yí. Mo ti ọ̀pá rìmóòtù sí òdìkejì, ńṣe ló túbọ̀ ń yára. Kí n tó pa á, ó ti dojú dé, abẹ̀bẹ̀ òkè gbálẹ̀, ó ṣẹ́, ègé rẹ̀ kan sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ọmọ kan tó wá wòran. Mo ti lé àwọn ọmọ náà sẹ́yìn kí n tó tan án o, síbẹ̀ ó débẹ̀. Ká ní ó bá a ni, lẹ́tà lọ́yà lẹ̀ bá máa kà.

Fóònù ni mo ń tún ṣe jẹun, nítorí náà mo gbé e sórí tábìlì. Mo yọ wáyà mọ́tò ńlá kí abẹ̀bẹ̀ òkè má baà yí, mo tan ìyókù. Mo ti ọ̀pá rìmóòtù sọ́tùn-ún, mo wo ibi tí abẹ̀bẹ̀ ìrù dagun sí. Mo fi ọ̀pá sílẹ̀, mo wá fọwọ́ yí imú hẹlikọ́pítà náà sọ́tùn-ún. Iṣẹ́ gyro ni kó ta ko ọwọ́ mi, kí abẹ̀bẹ̀ ìrù ṣe bí ẹni pé mo ti ọ̀pá sósì. Tiyín ṣe bí ẹni pé mo tì í sọ́tùn-ún. Bí ìrù bá ti yà díẹ̀ báyìí, gyro gan-an ló ń tì í lọ. Ẹni tó ti ń wa irú rẹ̀ tipẹ́ pàápàá, agbára káká ni yóò fi dì í mú.

Súwíìṣì kan wà lára gyro náà tí kò ju orí ìṣáná lọ: NOR (normal) lápá kan, REV (reverse, tó ń yí iṣẹ́ rẹ̀ sódìkejì) lápá kejì. REV ló wà. Téèpù tí wọ́n fi bò ó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ya fídíò bí mo ṣe ń ṣí i. Mo fi abẹ́rẹ́ tì í sí NOR, gbogbo rẹ̀ bọ́ sípò. Àyẹ̀wò tí kò gba ìṣẹ́jú kan! Ta ló wá dán an wò? Ọmọ yín ní bóyá èmi ni mo fọwọ́ kan súwíìṣì ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wo fídíò náà kó tó di ẹ̀bi rù mí.

Bátìrì ńkọ́? Kí n tó fi ṣájà kàn án ni mo ti fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: méjì wà ní fóòtì 3.8, ìkẹta wà ní 2.6. Sẹ́ẹ̀lì lithium tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 3 báyẹn ti ń bàjẹ́, ó sì lè gbiná nídìí ṣájà. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn.

Abẹ̀bẹ̀ òkè tuntun ni mo ń fẹ́, pẹ̀lú àrọ́pò ọ̀pá àárín tó tẹ̀ àti ti ọ̀pá ìrù tó ti gé, àti owó bátìrì. Bí ẹ kò bá ní wọn, ẹ dá owó mi padà. Tí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ gbà wọ́n láyè láti dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ sì tú àwọn páálí tó kù nílé ìkẹ́rù yín, ẹ wo súwíìṣì wọn kí ẹ tó tún ta ọ̀kan.

Hẹlikọ́pítà náà wà nínú páálí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Taiwo, rìsíìtì méjèèjì sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ lè rán ẹni wá wò ó lọ́jọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí, aago mẹ́sàn-án la máa ń ṣí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Tánkẹ́.