Omi kì í gun òkè dé Kabba, àmọ́ kata ń gùn ún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Okun o.

Nígbàkúùgbà tí odò Ọya àti odò Benue bá ya wọ ilé ní Lọkọja, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2012, tó tún ṣẹlẹ̀ ní 2022, ohun tí mo máa ń rí nínú ìwé ìròyìn ni àpò ìrẹsì, fóòmù, àti àwọn ọ̀gá tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi ò bá ìrẹsì jà. Àmọ́ n kò tíì rí ọkọ̀ ìrànwọ́ tó gbé dọ́kítà ẹran wá rí.

Àwa tí a wà lókè níbí, ní Kabba, ní Ìyàrà, títí dé Ìṣánlú, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá. Àpáta ló yí wa ká. Ẹ wá wo ọjà wa lóṣù Kẹwàá kí ẹ rí i bóyá kò kàn wá. Bí omi bá ti ń bọ̀ ní Ganaja tàbí Koton Karfe, ẹni tó ní ewúrẹ́ á yáa tà á, torí ẹni tí omi ń lé kì í ná ọjà. Àwọn alágbàtà á rà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n á dì í sínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n á gba ọ̀nà Obajana láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, ó di ọ̀dọ̀ wa. Ẹran ilé márùn-ún, ilé mẹ́fà, tí òjò ti pa, tí ebi ti pa, ni wọ́n kó pọ̀ sínú ọkọ̀ kan yẹn. Ohun tí kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, sì ń wá náà nìyẹn.

Òwò ewúrẹ́ ni mò ń ṣe, mo mọ ojú kata. Ikun á kọ́kọ́ dí imú ẹran náà. Ìpin á lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ya ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí ohun funfun tó bo èrìgì bí èérí ògì, abẹ́ ohun funfun náà sì ti di egbò, ẹran náà kò ní lè jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ pàápàá. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru á dé, èyí tó kéré nínú agbo ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn èèyàn a máa tú kápúsù tẹtirasáíkílìn sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kápúsù yẹn ò lè pa kòkòrò kata. Kì í ran èèyàn, ìyẹn nìkan ni oore tó ṣe wá.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àjẹsára rẹ̀ wà. Lára kòkòrò kata tí wọ́n rí ní Nàìjíríà níbí ní 1975 ni wọ́n ti ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, Nigeria 75/1 gan-an ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe àjẹsára kata. Abẹ́rẹ́ kan lè dáàbò bo ẹran fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kìkì pé inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà títí wọn ó fi gún un. Ilé ìwòsàn ẹran kan wà tí mo mọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀: fáìlì ni wọ́n ń kó sínú fíríìjì ibẹ̀. Wọ́n tò ó dáadáa o, ọdọọdún pẹ̀lú abala tirẹ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ pé àwọn fẹ́ tún ìtọ́jú ẹran ṣe lẹ́yìn omíyalé, ibi fíríìjì yẹn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé èyí tó ń lo sólà sí Kabba, níbi tí omi ò lè dé, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ gbé oògùn lọ sí etí odò. Kí wọ́n sì gún ẹran lóṣù Kẹjọ, nítorí oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù, abẹ́rẹ́ náà sì nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀ lára. Ti adìyẹ tiẹ̀ rọrùn jù: àjẹsára lúkúlúkú kan wà, I-2, tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Ojú adìyẹ ni wọ́n ń kán an sí, obìnrin abúlé tí wọ́n bá kọ́ lè ṣe é.

Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kúrò nílé torí wọn ò lè kó ajá àti ológbò wọn dání. Ní 2006, wọ́n fi òfin sí i pé kí ètò ìjọba fún irú àjálù bẹ́ẹ̀ máa ka ẹran ilé mọ́ èèyàn. Ẹlòmíràn á ní ti òyìnbó nìyẹn. Ìyá àgbà tó dúró sínú omi nítorí abo ewúrẹ́ mẹ́ta, owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí kún un fún àwọn alápatà: ní oṣù Keje 2023, wọ́n rí àrùn ẹran tí wọ́n ń pè ní anthrax ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àgbàrá tó hú u síta. Ẹran tó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń ti imú rẹ̀ jáde, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án.

Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ mínísítà fún ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, a kò lè ní kò sẹ́ni tọ́rọ̀ kàn mọ́. Wọn ì báà má gún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tí a ń ta ewúrẹ́ ṣe tán láti san owó abẹ́rẹ́ lórí ẹran kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ṣáà mú un wá lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú yìnyín, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n gún.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò ewúrẹ́ kan,
Kabba, ìpínlẹ̀ Kogi.