Ẹ tẹ Yorùbá lórí rẹ̀ ná, kí ẹ tó sanwó láptọ́ọ̀pù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó àwọn òǹkàwé yín létí, pàápàá àwọn tí oúnjẹ òòjọ́ wọn wà nínú kíkọ èdè Yorùbá: olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òǹkọ̀wé, akọ̀wé ìjọ, àti àwa tí a ń tẹ̀wé fún aráàlú ní Agbowó níbí.

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wá láptọ́ọ̀pù mìíràn. Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló sábà máa ń fẹ́. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí a ń lò kò dé ibẹ̀. Nígbà tí owó yóò kúkú jáde, àwọn kan ní àwọn á fi irú èyí tí àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń lo HP tàbí Dell ń bọ́ sórí MacBook, láptọ́ọ̀pù Apple tí a tún ń pè ní Mac. Mo wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ló gbé mi débẹ̀. MacBook Air oní-M1 (M1 ni orúkọ ọpọlọ inú rẹ̀), èyí tí Apple gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, kò ní fáànù nínú, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Apple sọ pé ènìyàn lè lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí 15 kí bátìrì tó tán. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023 mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, kí la máa ń béèrè? Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, tó mélòó? Ṣé ó ti já bọ́ rí? Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan béèrè bí òun yóò ṣe tẹ ẹ, ọ àti ṣ lórí rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù ni wọ́n pa àmì ohùn tì.

Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lórí Mac, kò sí ohun tí ẹ máa rà. Ẹ wọ System Settings, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ wá Input Sources, kí ẹ sì mú kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní ABC Extended kún un. Ẹ di Option mú, ẹ tẹ x, ẹ fọwọ́ kúrò, ẹ wá tẹ e. Ẹ ó rí ẹ. Bákan náà ni fún ọ àti ṣ. Option àti e ló ń fún yín ní àmì ohùn òkè, kí ẹ tó tẹ fáwẹ̀lì tí ẹ fẹ́. Ti àmì ohùn ìsàlẹ̀, Option àti bọ́tìnì tí ` wà lórí rẹ̀ ni. Bí láptọ́ọ̀pù náà bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ẹ wá bọ́tìnì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Z. Ti Amẹ́ríkà, òkè Tab ló wà. Bí lẹ́tà kan bá gba àmì méjì, bíi ẹ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ tán, kí ẹ wá di Option àti Shift mú pọ̀, kí ẹ sì tẹ e. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìka á ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró sórí Windows, Yorùbá wà nínú àkójọ èdè ibẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn YorubaName, ìkànnì tó ń ṣàkójọ orúkọ Yorùbá, náà ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún Windows àti Mac.

Ẹ tún yẹ fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ fi ń tẹ̀wé, wò. Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń mọ lẹ́tà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́mbà tiwọn. Kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́mbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n so pọ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì kan fi ń gbé àmì náà sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí òmíràn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà tó fẹ́ já bọ́.

Fáìlì àtijọ́ ló wá le jù. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn fọ́ǹtì kan wà tí wọ́n fi ń tẹ Yorùbá, tó jẹ́ pé orí àmì mìíràn ni wọ́n ya lẹ́tà wa lé. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí àmì owó tàbí lẹ́tà Faransé, ojú tiwa ló ń rí i bí ọ̀. Bí fọ́ǹtì yẹn bá wà nínú kọ̀ǹpútà, kò séwu. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé fáìlì náà lọ sórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní in, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Àwọn oníbàárà máa ń mú oríkì ìdílé tí bàbá wọn tẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi nígbà ìsìnkú. Bàbá ti lọ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kọṣẹ́, fáìlì wà nínú fláàṣì, kò sì sẹ́ni tó lè kà á mọ́. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, a ó máa fojú díwọ̀n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibòmíràn wà tí àgbà ilé gan-an kò lè rántí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì ta èyí tó wà lọ́wọ́. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí àwọn fáìlì yẹn, ẹ sọ wọ́n di PDF, kí fọ́ǹtì bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi Find and Replace, ohun tó ń wá lẹ́tà kan tó sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, yí wọn padà sí Unicode, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó gba sùúrù.

Ní ti Mac tòkunbọ̀, ẹ rí i dájú pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ Apple Account rẹ̀ (tí wọ́n ń pè ní Apple ID tẹ́lẹ̀) kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè tì pa mọ́ yín lọ́wọ́. RAM oní-M1 kò ṣeé fi kún. Hard disk tí wọ́n ṣètò sí NTFS, ìlànà ìpamọ́ fáìlì ti Windows, Mac á kà á, kò ní lè kọ nǹkan sí i.

Mo bẹ ẹ̀yin ọlọ́jà kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì kó tó sanwó. Ẹ̀yin ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtẹ̀wé yìí láti ọdún àkọ́kọ́; ọdún tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ni wọ́n ń sáré wá bá wa.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ fún ìlànà ìtẹ̀wé Yorùbá lórí Windows àti Mac, kí ẹni tó ń lọ sọ́jà lè gé e dání. Ẹ sì sọ irú fáìlì tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ wa tí àmì kò ní já dànù. Mo fi àmì sí lẹ́tà yìí láti òkè dé ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Agbowó, Ìbàdàn