Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Quebec, ní Kánádà

Kubwa, Àbújá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Ohun tí ojú mi rí níbi ìdíje eré sísá ilé-ìwé àwọn ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n ń lu orin, wọ́n sì ń há ohun mímu, fìlà àti ìwé tí orúkọ ọjà wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí mo ṣe ń wẹ àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún 7, lálẹ́ ọjọ́ náà, orin ìpolówó yẹn ló ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kúnú tó ń mu tìfẹ́tìfẹ́ tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́. Ó ní kò ní àwòrán lára.

Mo mú ike 50cl tó gbé wálé, mo ka ara rẹ̀: ṣúgà gíráàmù 53. Mo wá ń fi ṣíbí tíì bu ṣúgà sínú àwo lójú rẹ̀, ó sì di ṣíbí 13 kí ó tó pé. Ó wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé gbogbo èyí ni mo mu?" Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní fún àgbàlagbà pàápàá, yóò dára bí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ kò bá kọjá nǹkan bí gíráàmù 25 lóòjọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 15, inú fóònù ni wọ́n ti ń bá a. Àwọn gbajúmọ̀ tó ń tẹ̀lé lórí Instagram a máa gbé ike dání bí ẹni pé òùngbẹ lásán ló ń gbẹ wọ́n, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé owó ni wọ́n gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀yìn òbí ni ọlọ́jà ń gbà lọ bá ọmọ, nínú ọgbà tí a sanwó sí kí wọ́n lè kọ́ ọ níwèé. Lọ́dọ̀ tiyín, láti ọdún 1980 ni òfin Quebec ti kà á léèwọ̀ láti máa polówó ọjà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Níhìn-ín, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn ní 2022. ₦5 péré nìyẹn lórí ike tí mò ń wí yìí, kò sì kan ìpolówó rárá.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ di Sátidé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ dìde sọ ọ́ pé kí wọ́n má gba irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ilé-iṣẹ́ náà ló ra ife-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n àwa òbí lè dáwó ife-ẹ̀yẹ láàárín ara wa. Jọ̀wọ́, bá mi bi olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ ẹni tó ń gbé ìnáwó ìdíje tiwọn, kí o sì fèsì kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́